Títún Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ti Gbó Ṣe Láìná Owó Rẹpẹtẹ

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mi, iṣẹ́ káfíńtà ọkọ̀ ojú omi. Ẹlòmíràn lè máa rò ó pé kí ló kan obìnrin ọjà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó kàn yín o. Lára ẹja tí ẹ ń yan tà ní Ede níbí, odò Erinlẹ̀ tí wọ́n sé lọ́nà Òkinni ni wọ́n ti ń pa á. Lóòótọ́, ọkọ ló ń tu ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ń jò, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń sáré bọ̀? Ọ̀dọ̀ ìyàwó, kó lọ yáwó nínú ẹgbẹ́. Owó náà sì rèé, ẹ̀yin àti onígbọ̀wọ́ yín lẹ máa san án, ọkọ̀ ì báà máa lọ, ì báà ti rì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi ló ń pa ọkọ̀. Omi nìkan kọ́. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ló bá kan igi nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Maiduguri àti ti Frankfurt ní Jámánì hú u jáde ní 1994, ọkọ̀ ojú omi ni, ó gùn ju mítà 8 lọ, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ṣé ẹ gbọ́? Amọ̀ tútù ló bò ó mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó ń pa tiwa ni kó tutù lónìí, kó gbẹ lọ́la. Tí omi bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó wọ́ ọ gun etí odò, oòrùn á máa pa á láti December dé March. Pákó á sún kì, ojú ìsopọ̀ á là. Tí òjò bá wá dé, omi á dúró sínú rẹ̀, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọkọ̀ òun ń jò, mi ò ní kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ owó. Kó so ó mọ́ etí odò níbi tí kò jìn, kó bu omi kún inú rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Pákó á mumi, á wú, ojú ìsopọ̀ mìíràn á sì padé fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Èyí tó bá ṣì ń jò, ẹ gbé e sórí ìtì igi méjì lábẹ́ ibòòji, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Ẹ tún da omi sínú rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Ibi tó bá ti ń kán, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ máa fi gún un káàkiri. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, igi ibẹ̀ ti jẹrà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ibí yìí gan-an lowó ti ń ṣòfò jù. Wọ́n á lọ ra ọ̀dà aláwọ̀ mèremère, wọ́n á kùn ún, wọ́n á kọ orúkọ sí i lára, á dán bíi tuntun. Ọ̀dà ò wo igi jíjẹrà sàn. Páànù tí wọ́n bá sì kàn bo ibi tó jẹrà, omi á ṣáà wà láàárín wọn ni, á máa jẹ ìyókù.

Tó bá jẹ́ pé ó kàn là, tí igi ṣì le, iṣẹ́ kékeré ni. Kí káfíńtà lu ihò tín-ín-rín sí ìparí ibi tó là, kó má baà là síwájú. Kó lọ́ òwú bíi ti àtùpà, kó rì í sínú kóólútà, kó fi irin pẹlẹbẹ gbá a wọlé. Kó má gbá a le jù o, torí pákó á tún wú nínú omi. Kó wá fi rọ́bà inú táyà àtijọ́ tẹ́ ẹ, kó kan páànù lé e. Àwọn tó ń lẹ táyà lẹ lè bèèrè rọ́bà yẹn lọ́wọ́ wọn. Ìṣó ni mi ò ní gbà kí ẹ fi ṣọ́ owó: èyí tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà.

Igi tó jẹrà, gígé ni, títí dé ibi tó ti le. Ìrókò la fẹ́ fi dí i, ó sì wọ́n; ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń wó ilé àtijọ́, ẹ lè rí ilẹ̀kùn ìrókò rà ní pọ́ọ́kú. Àwọn kan á gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, wọ́n á fi pa ara ọkọ̀. Èmi ò fọwọ́ sí i. Ṣebí Erinlẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń fà fún wa mu, àwa àti àwọn ará Òṣogbo. Kóólútà pàápàá, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó kan omi.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí mi ò ní tún ṣe. Bí ìdí rẹ̀ bá ti jẹrà káàkiri, tí igi tó di àwọn pákó mú sì ti ń rún, owó àtúnṣe á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa wà nínú rẹ̀ láàárín omi. Ẹ gé èyí tó dára níbẹ̀ pa mọ́ fún òmíràn.

Mo wá ń bẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó: kí ẹ tó fọwọ́ sí owó ọkọ̀, kí ẹnìkan lọ wò ó tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹ má san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ra pákó àti ìṣó, kí owó iṣẹ́ káfíńtà dúró díẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò ní fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ wọn ò sí níbí.

Tí ọkọ̀ bá padà wọ omi, kó wà ní síso fún ọjọ́ méjì láìkó ẹrù. Tó bá jò díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kò burú. Tó bá ṣì ń jò lọ́jọ́ kejì, ẹ pe káfíńtà padà, ẹ má tíì sanwó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lábẹ́ igi, tàbí kí ẹ kó òkúta sí i, kó rì sínú omi tí kò jìn.

Mo mú ègé pákó méjì wá, ọ̀kan le, ọ̀kan ti jẹrà, mo sì fi ọ̀dà kun àwọn méjèèjì. Wọ́n wà lórí tábìlì níwájú níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ẹ wá fọwọ́ ara yín gún wọn wò kí wọ́n tó pín oúnjẹ.