Kí Kọ̀ǹpútà Lè Kọ Orúkọ Wa Bí Ó Ti Yẹ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹ̀ka bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣètò kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti ojú kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè bá ẹni tí ń lò wọ́n mu. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí orúkọ wa àti ìwé ẹgbẹ́ wa wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ ohun tí ó kó wa jọ síbí. Ẹgbẹ́ ni. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà bí ó ti ti ṣọ́ọ̀bù wá, lẹ́tà mẹ́rin ni yóò jáde láìní àmì kankan. Àwa tí a dàgbà sílé yóò mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Sábọ̀n Gàrí, tí ó ń ka Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ti ń gbọ́ Yorùbá, lè kà á sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ìhà ara. Ó tilẹ̀ lè kà á sí ègbé, ohun tí àwọn oníwàásù fi ń dẹ́rù bà wá. Ẹ wo orúkọ ènìyàn pẹ̀lú. Òjó jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, ti ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò, ó di ojo, ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ta ni nínú wa tí yóò fẹ́ kí a kọ irú èyí sára káàdì ọmọ rẹ̀? Ní ti “Shola” àti “Shade” tí a ń rí káàkiri, h tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ó wù ú bẹ́ẹ̀ ni, kí ó má jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó fi tipá mú un.

Kì í ṣe òní ni ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀. Ní 1875 ni àwọn ìjọ ṣe ìpàdé ní Èkó láti fìdí bí a ó ti máa kọ Yorùbá múlẹ̀, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ọdún kan ṣáájú, ní 1874, ni ilé iṣẹ́ Remington ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta taipuráítà ní Amẹ́ríkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì to àwọn lẹ́tà rẹ̀ fún. Nítorí náà, akọ̀wé a tẹ ìwé tán, a sì tún fi kálàmù tọ àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà jogún ìtò lẹ́tà yẹn títí di òní. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó tóbi púpọ̀. Irin ni lẹ́tà taipuráítà, kò ṣeé ṣí nípò. Ní ti kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà kan lásán ni bọ́tìnnì náà rán sínú ẹ̀rọ. Ètò tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń sọ lẹ́tà tí nọ́ńbà náà dúró fún. Ẹ yí ètò padà, lẹ́tà yóò yí padà. Kò gba owó, kò gba oníṣẹ́.

Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Time & language, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Language sí, ẹ tẹ Add a language, kí ẹ sì kọ Yoruba síbẹ̀. Ẹ kò ní láti yí èdè ojú ẹ̀rọ padà. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ni a bá wá. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí ó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀, ẹ ó bọ́ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ẹ tún un tẹ̀, ẹ ó padà.

Ohun kan yóò yà yín lẹ́nu níbẹ̀. Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ lè mú ohun tí a kò kọ sí i lórí jáde. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ o. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25, a kò sì ní c, q, v, x àti z. Àwọn tí ń ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá a máa lo irú àyè bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà tiwa. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, Ctrl àti O pa pọ̀, àwòrán kíbọ́ọ̀dù yóò yọ lójú ẹ̀rọ, ẹ ó sì rí ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ yà á sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìtò náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gba Keyman tí SIL ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó yan òmíràn nínú rẹ̀.

Ẹni tí ń lo Mac, ABC – Extended ni kí ó yàn nínú Input Sources. Yóò di Option mú, yóò tẹ x, yóò fi wọ́n sílẹ̀, yóò wá tẹ e: ẹ ni yóò jáde. Lórí fóònù Android tí ó ní Gboard, ẹ wọ Languages nínú ètò rẹ̀, ẹ tẹ Add keyboard, ẹ yan Yoruba. Èyí yóò tún dín ìyọnu ẹ̀rọ tí ń sọ Yorùbá wa di Gẹ̀ẹ́sì láìbéèrè kù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí ó kan ìwé ẹgbẹ́. Unicode ni ètò nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà. Nínú rẹ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ ni a kọ́kọ́ ń kọ, kí àmì òkè tó tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmì nìkan lè lọ kí ẹ ṣẹ́ kù. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí àmì fi ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà nínú àwọn fọ́ǹtì kan. Charis SIL kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹnìkan bá tẹ orúkọ kan pẹ̀lú àmì, tí ẹlòmíràn sì tẹ̀ ẹ́ láìní àmì, ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ènìyàn méjì. Ẹ rò ó wò ní ti ìwé àjọ: ìyá kan dá owó ní oṣù mẹ́fà, mẹ́ta wà lábẹ́ orúkọ kan, mẹ́ta wà lábẹ́ èkejì, ọjọ́ ìkówó wá pé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò ní ìjà nínú.

Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé mọ ìṣòro yìí. Lọ́dọ̀ wọn, ƙasa ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n kasa ni kí nǹkan kọjá agbára ẹni. Kíbọ́ọ̀dù Hausa wà nínú àkójọ kan náà pẹ̀lú tiwa. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fi kún un, kí ẹ máa kọ orúkọ oníbàárà yín bí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ ọ́.

Ó ku ti ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pariwo mọ́ bàbá wọn pé, “Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá!” Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi bàbá sílẹ̀, máòsì ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ wọ Control Panel, ẹ yan Mouse. Ẹ ó rí ibi tí a ti ń dín ìyára ìtẹ̀ẹ̀mejì kù, pẹ̀lú àwòrán kékeré tí a fi ń dán an wò. Nínú Settings, ẹ lè dín ìsáré máòsì kù, kí ẹ sì mú kí ọfà rẹ̀ tóbi kí ojú lè rí i. Ẹni tí ń lo ọwọ́ òsì lè pààrọ̀ bọ́tìnnì méjèèjì. Kò sí èèwọ̀ nínú ìyẹn, a kò fi máòsì kí ọba. Ẹni tí kò lè tẹ bọ́tìnnì méjì pa pọ̀ nítorí àrùn tàbí ogbó, kí ó tan Sticky Keys: yóò tẹ Shift, yóò gbé ọwọ́ kúrò, yóò tẹ lẹ́tà, ẹ̀rọ yóò kà á sí ìtẹ̀ kan náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Filter Keys ni tirẹ̀. Kì í ka ìtẹ̀ tí ó ṣèèṣì.

Ti touchpad kò gùn. Bí ọwọ́ bá ń kàn án nígbà tí ẹ ń tẹ̀wé, tí ọ̀rọ̀ sì ń fò lọ síbòmíràn, ẹ dín ìfura rẹ̀ kù sí Low, tàbí kí ẹ ní kí ó máa pa ara rẹ̀ nígbàkigbà tí máòsì bá wà.

Ojú fóònù àti ojú kọ̀ǹpútà tí a ń fi ìka tẹ̀, ọyẹ́ ni ọ̀tá wọn lókè Ọya níbí. Iná mànàmáná tín-ín-rín tí ń gba ara wa kọjá ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ìka kàn wọ́n. Bí ìka bá gbẹ tí ó sì le, wọn a máa ṣe bí ẹni pé a kò tẹ̀ wọ́n. Ẹ nu eruku kúrò, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á kí ó mu ún tán, kí ẹ tó fi kan fóònù. Àwọn Samsung kan ní Touch sensitivity lábẹ́ Display. Ẹ tàn án títí ọyẹ́ yóò fi lọ.

Alága, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni a fẹ́ kó sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kí olúkúlùkù wo orúkọ tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó lọ sílé, kí ó fi bírò pupa tún àmì tí kò bá tọ́ ṣe, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú. Ẹni tí kò bá mọ àmì orúkọ rẹ̀, kí ó pè é sí mi létí, a ó jọ kọ ọ́.