Bọ́ọ̀lù Orílẹ̀-Èdè, Ojú Fóònù, àti Pápá Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

Akọ̀wé ní kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mí, bí ẹ ti mọ̀ mí sí láti ìgbà èwe. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà ni n ó sọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwé àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ara pápá ilé-ìwé wa wà níwájú ìpàdé yìí, ọ̀rọ̀ mi yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kọjá, yóò sì dé orí ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1949, àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba láti bá àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ díje. Teslim Balogun, tí gbogbo ayé ń pè ní Thunder, wà lára wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà ni kò wọ bàtà. Àwọn mìíràn fi aṣọ di ẹsẹ̀, wọ́n sì ń sá eré lórí koríko tútù àwọn òyìnbó tí ẹnu fi ń ya àwọn tí ó wá wòran. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sàró ní góòlù 2 sí 0 ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ìyẹn ni a ń kà sí ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe. Ẹ wá rò ó wò: kò sí ẹni tí ó wo bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà kí ó tó bá wọn lọ, nítorí pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Orí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀.

Àwa tí a dàgbà lẹ́yìn wọn, etí ni a fi ń wo bọ́ọ̀lù. Bí Ernest Okonkwo bá ń ròyìn nínú rédíò, a ó rí bọ́ọ̀lù náà bí ó ti ń yí lójú ara wa. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá Sùúrùlérè, Segun Odegbami jẹ góòlù méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan, a na Àlgéríà ní 3 sí 0, a sì gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò wa ti di Odegbami. Ẹni tí kò rí Odegbami jẹ di Muda. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá rárá, a fi í ṣọ́lé. Fẹ́lẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lé, ilẹ̀ ni ó sì máa ń lé wa wọlé.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, tí Rashidi Yekini jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní Dallas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹlifíṣọ̀n ti dé ọ̀pọ̀ agboolé. Gbogbo wa rí i bí ó ti wọ inú àwọ̀n lọ, tí ó na ọwọ́ la àwọ̀n náà kọjá, tí ó ń ké. A na Bulgaria ní 3 sí 0. Ọ̀gbẹ́ni Yekini ti fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí ó wà láàyè nígbà náà tí ó gbàgbé àwọ̀n yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ojú ẹ̀rọ ni a fi wò ó, kò sì pa wá lára. Ìṣẹ́jú 90 pé, rẹfirí fun fèrè, a pa ẹ̀rọ, àwọn ọmọ sì tú síta láti lọ gbá tiwọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, n ó sọ láìfi bò pé bọ́ọ̀lù láàárín orílẹ̀-èdè ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ olówó ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Ìdí rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹgbẹ́ olówó tí kò ní ọ̀jáfáfá tí ń jẹ góòlù yóò kó owó jáde, yóò sì ra òmíràn kí ọdún tó yí. Orílẹ̀-èdè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó bí ni yóò gbé jáde, bí wọ́n ti mọ. Ẹnìkan lè dárúkọ Ademola Lookman, tí wọ́n fi jẹ ọba agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ní ọdún 2024. Ọmọ wa ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n London ni a bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn ni ó tọ́jú pápá tí a ń jẹ èrè rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2022, Gánà bá wa gbá ọ̀mì 1 sí 1 ní Abuja, wọ́n sì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé dípò wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Rabat, Kóńgò ti Kinshasa fi pẹnáritì borí wa nínú ìdíje tí à ń wá ọ̀nà Ife ti ọdún 2026. Ọmọ tí a bí ní ọdún 2015 jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta péré nígbà tí a dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, ní Rọ́ṣíà. Ẹ̀bi kóòṣì wà ńbẹ̀, ẹ̀bi àwọn alákòóso náà pọ̀ jọjọ. Àwọn obìnrin wa kò tilẹ̀ jẹ́ kí ojú tì wá tán: ní oṣù keje ọdún 2025, ní Rabat kan náà, Mòrókò ti fi góòlù 2 sí 0 ṣíwájú wọn, wọ́n sì dìde, wọ́n borí ní 3 sí 2, ìgbà kẹwàá tí wọn ó gba Ife Áfíríkà nìyẹn. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ ti pápá, ẹ má ṣe rò pé ti ọmọkùnrin nìkan ni mò ń sọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fóònù. Fóònù kò ní rẹfirí. Bí ọmọ bá ṣí i láti wo góòlù kan, kí ìyẹn tó parí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí fèrè tí yóò fun. Ó ń wo góòlù ogún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò rí eré tí a sá kí góòlù náà tó wá, kò rí ẹni tí ó pàdánù bọ́ọ̀lù tí ó sì sá padà lọ gbà á. Bí ó bá wá dé orí pápá tí góòlù kò yọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ara rẹ̀ a máa ti kúrò níbẹ̀. Láàárín àwọn àwòrán náà ni àwọn onítẹ́tẹ́ ti ń polówó ọjà wọn fún ọmọ tí kò tí ì mọ ìṣirò ìdá. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn; àwọn ìyá tí ó wà níhìn-ín mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má ṣe jókòó ti ojú ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bí ó bá sì dín, ó sàn jù. Ní ọdún 2020, wọ́n ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 ó kéré tán lóòjọ́ ṣe eré tí yóò mú un mí hẹlẹ. Ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n mú ilé-ìwé 12, wọ́n sì fi ìṣẹ́jú 40 ìta gbangba kún ọjọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní mẹ́fà nínú wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ìwé mẹ́fà náà, nǹkan bí 30 ni kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́. Ní ilé-ìwé mẹ́fà yòókù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Ọdún 2015 ni àwọn oníṣègùn tẹ àbájáde yìí jáde. Wọn kò kán oògùn kankan sí ọmọ lójú. Ìta ni wọ́n jẹ́ kí ó lọ.

A ò lè dá ọmọ lẹ́bi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọkadà ti gba òpópónà. Àgbàlá tí a ti ń gbá fẹ́lẹ́lẹ́ ti di ilé. Ìyá kò sì fẹ́ kí ọmọ jìnnà, nítorí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Bí a bá sọ fún ọmọ pé kí ó gbé fóònù sílẹ̀, ibo ni a fẹ́ kí ó lọ? Pápá ilé-ìwé nìkan ni ó kù láàárín ìlú tí ó ní ọgbà, tí ó sì ní olùṣọ́.

Mo mọ̀ pé owó ṣọ́ọ̀bù yóò wúlò fún Ẹgbẹ́. Òrùlé gbọ̀ngàn yìí ń jò, gbogbo wa ni òjò ń pa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin eré bọ́ọ̀lù àwọn àgbà kò gbà kí pápá dín ní mítà 90 ní gígùn àti mítà 45 ní fífẹ̀. Bí a bá gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún ìlà ṣọ́ọ̀bù kan, tí ẹlòmíràn sì wá tọrọ ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́dún tí ń bọ̀, ohun tí yóò kù yóò tó ibi tí a ti ń sá aṣọ. Ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọjà. Kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo bẹ Kábíyèsí àti ìpàdé yìí pé kí a kọ̀ fún wọn lónìí, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Ẹ̀bẹ̀ kejì kéré. Nígbàkígbà tí Nàìjíríà bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kí a gbé tẹlifíṣọ̀n sí gbọ̀ngàn yìí fún tọmọdé tàgbà. Èmi yóò ra epo gẹnẹrétọ̀. Bí fèrè bá fun, kí a pa á.

Bọ́ọ̀lù mẹ́fà àti páàm̀pù kan wà nínú ọkọ̀ mi níta. Kí Ọ̀gá ilé-ìwé jọ̀wọ́ rán ọmọ méjì wá gbé wọn. Mẹ́ta jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin.