Ẹ Wo Ohun Tó Kù: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà tí ẹ gbà dé orí ìjókòó yìí kò rí bákan náà. Àwọn kan nínú yín ṣe ìdánwò JAMB ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó wọlé. Àwọn kan ń dirun fún ẹlẹgbẹ́ wọn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn kan ń ránṣọ lóru, kí wọ́n lè rówó san. Àwọn kan gbé kárí-ófà, wọ́n sì ní láti padà lọ jókòó ti àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí wọ́n ń gba máàkì tó dára, síbẹ̀ tí ọkàn wọn ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé èèṣì ni, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo ayé yóò mọ̀ pé wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí mo ń bá wí mọ ara yín. Ẹ̀yin ni mo torí yín dìde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe bi ara yín pé, “Ṣé irú èmi yìí tó bẹ́ẹ̀?” Ẹ bi ara yín pé, “Kí ló kù?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò lópin, ọkàn ló ń jẹ. Ìbéèrè kejì ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà ló ń sá, igi 10 ló wà lọ́nà kí wọ́n tó dé òpin. Ní ọdún 2019, níbi ìdíje àgbáyé ní Doha, ipò kẹrin ló wà. Ìdá 2 péré nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ẹni kẹta fi ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 2021, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo, ipò kẹrin náà ló tún bọ́ sí. Kò sí ipò tó ń dun eléré ìje bíi kẹrin, nítorí ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ lọ́rùn. Lẹ́ẹ̀mejì ni Tóbi dúró tí wọ́n fi kọ́ ọrùn ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ bóyá òun tó bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé àyànmọ́ ni. Ẹni tó ń wo ohun tó kù yóò rí i pé ìdá 2 nínú 100 ló kù, yóò sì padà sórí pápá.

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, níbi ìdíje àgbáyé ní Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Tóbi sá eré náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 nínú abala tó ṣáájú àṣekágbá. Obìnrin kankan láyé kò tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló gba wúrà, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba wúrà níbi ìdíje àgbáyé náà. Ẹ sì tún gbọ́ èyí: Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà, ẹni tó ni àkọsílẹ̀ tí Tóbi fọ́, kò rí àyè nínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún Òlíḿpíìkì ọdún 2016. Oṣù tí wọ́n já a sílẹ̀ náà kò tíì parí tó fi sá 12.20 ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì di ẹni tó yára jù láyé. Àwọn tí wọ́n yára jù lọ nínú eré yìí ti gbọ́ “ó ṣe, o kò dé ibẹ̀” rí.

Ẹ má sì rò pé ìṣẹ́gun ọjọ́ kan ni í mú wàhálà tán. Ní Paris lọ́dún 2024, Tóbi kò dé àṣekágbá rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ayé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2025, ó padà sí Tokyo, ìlú tó ti ṣe ipò kẹrin, ó sì gba fàdákà níbi ìdíje àgbáyé.

Àwọn kan á sọ pé eré ìje rọrùn, aago ló ń ṣe ìdájọ́. Kí ni ká wá ṣe nígbà tó jẹ́ pé ẹnu èèyàn ló ń dájọ́? Ẹ wo Amos Tutùọlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1920. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1939, ìwé dúró. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ṣe é fún ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ló rí ní Èkó. Ìránṣẹ́ yìí ló jókòó kọ The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Bí òkìkí rẹ̀ ṣe ń kàn lókè òkun ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé ń bínú, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán, wọ́n ní ó ń dójú ti àwọn. Ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀, tí àwọn tó kàwé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ta ni ìyèméjì ìbá yẹ bí kò ṣe òun? Ní ọdún 1954, ìwé rẹ̀ kejì jáde. Òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé àkọ́kọ́ di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá. Nígbà tí Tutùọlá máa fi kú ní ọdún 1997, ìwé rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Ohun tó kù fún un kì í ṣe kí gbogbo ẹnu gbà fún un. Ìwé tó kàn ló kù.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tó kù lè máà sí lójú ọ̀nà tí a ti ń rìn. Ọmọ ọdún 11 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà tí baba rẹ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn. Ó dá òwò irè oko sílẹ̀, ó ra ọkọ̀ akẹ́rù, òwò náà dorí kodò, gbèsè wọlé. Kò fi gbèsè ṣe ìparí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ilé ló ti ka ìwé ìmọ̀ okòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó gboyè náà ní ọdún 1944, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1946. Ọmọ tí ikú baba fẹ́rẹ̀ẹ́ lé kúrò nílé ìwé ló di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àgbà yín ló jàǹfààní rẹ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn kan bá kọ̀ tí kò ṣí, kì í ṣe àbùkù láti kan òmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, mi ò ní parọ́ fún yín. Iṣẹ́ kò pọ̀ níta. Ẹ ó kọ ìwé ìbéèrè iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fèsì sí. Ẹ ó lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó dára, wọn yóò sì mú ẹlòmíràn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò jẹ́ ẹ̀bi yín, ẹ má sì gbà á sọ́kàn bí ẹ̀bi. Àmọ́ nínú gbogbo rẹ̀, ẹ máa wo ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ yín kù sí. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ẹ kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èèyàn ni, ẹ fi ọdún tí ẹ fi ń ṣe agùnbánirọ̀ kọ́ ọ. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ìyèméjì máa kúrò pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹnu iṣẹ́ ló ti ń kúrò.

Ẹ sì jìnnà sí fífi ìgbésí ayé ẹlòmíràn lórí Instagram wọn tiyín. Ẹnì kan kì í gbé gbèsè àti ẹkún rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wá àgbà kan tàbí ọ̀rẹ́ kan tó lè sọ òótọ́ fún yín láìfi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ilẹ̀kùn àwa olùkọ́ yín ò tì. Ẹ padà wá bi wá.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá padà wálé tí iṣẹ́ kò tíì yá, ẹ má fi ọmọ aládùúgbò bú u. Òun náà ti ń bú ara rẹ̀ lóru. Ẹ bi í pé kí ló kù, kí ẹ sì ràn án lọ́wọ́ níbi tí agbára yín mọ. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Ọlọ́run á ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní di asán, orí yín á gbè yín. Ọjọ́ tí nǹkan bá sì bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sunkún díẹ̀ bó bá gba ẹkún, lẹ́yìn náà kí ẹ dìde, ẹ wo ohun tó kù, kí ẹ sì ṣe é.