Kí A Tó Ra Òkúta Ìpọ́nbẹ Àtijọ́



Ẹni tó bá ti dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọ̀bẹ mímú ń ṣe lára ẹja àti ẹran ìgbẹ́. Ọ̀bẹ tí kò mú ló máa ń yẹ̀ tí í gé ni lọ́wọ́, nítorí agbára la fi ń tì í. Ọwọ́ wa sì ni oúnjẹ wa.

Òkúta ìpọ́nbẹ àtijọ́ lè dára ju tuntun lọ, bí ojú rẹ̀ bá tẹ́jú. Ẹ gbé irin tó tọ́ lé e: bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ irin, àárín òkúta ti jìn. Èyí tó bá sán, ẹ fi í sílẹ̀.

Òkúta ẹ̀rọ tó ń yí ló léwu jù. Ẹ fi igi kàn án nígbà tó bá gbẹ: bí kò bá dún gooro bí agogo, ẹ má gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ó lè fọ́ mọ́ni lójú. Bí ọ̀bẹ bá sì gbóná lójú ẹ̀rọ títí tó fi yí àwọ̀ padà, ẹnu rẹ̀ ti rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pọ́n nínú wa, kó kọ́ ẹnìkejì.