Ta Ni Ẹnì-Kẹta? Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí A Fi Ọkọ̀ Kọlù

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìwé adójútòfò ọkọ̀ wò ní ojú pópó káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ sì sáré lọ ra ìwé tí a ń pè ní ti ẹnì-kẹta. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwé ọlọ́pàá ni ìwé náà: ẹni tí ó bá ní in yóò kọjá, ẹni tí kò bá ní in yóò rí ìjà ìjọba. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó bi ara wọn léèrè pé, ta tilẹ̀ ni ẹnì-kẹta tí a ń dárúkọ yìí?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ẹnì-kìíní ni ọlọ́kọ̀ tí ó ra ìwé. Ẹnì-kejì ni ilé-iṣẹ́ tí ó tà á fún un. Ẹnì-kẹta ni ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàm̀bá: ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, obìnrin tí ọkọ̀ wó ìsọ̀ rẹ̀, awakọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́ tí ẹlòmíràn wá gbá a lẹ́yìn. Èyí ni pé owó tí ó wà lẹ́yìn ìwé náà, ti ẹni tí a ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣẹ̀ gan-an ni kì í sábà mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń gba ẹ̀bẹ̀ lójú títì, tí ó sì ń fi owó ara rẹ̀ tún ohun tí ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe.

Òfin yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1945 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin adójútòfò ọkọ̀ nítorí ẹnì-kẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1950. Ikú àti ìfarapa ènìyàn ni òfin náà mójú tó. Òfin adójútòfò ti ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan pé kí ìwé ọlọ́kọ̀ bo dúkìá ẹlòmíràn pẹ̀lú, kí iye rẹ̀ má sì dín ní mílíọ̀nù kan náírà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí a mọ̀ sí NAICOM, ti sọ owó ìwé yìí di ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni, láti ₦5,000 tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà kan náà ni a gbé iye tí ilé-iṣẹ́ lè san lórí dúkìá ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọlù sókè dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó rọ́pò ti 2003. Òfin ń yí padà, ṣùgbọ́n dandan náà kò kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa. Awakọ̀ takisí kan gbéra láti Lọ́kọ́ja, ó ń lọ sí Àbújá. Nígbà tí ó dé Gwagwalada, ọkọ̀ ti tò níwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó dúró. Jíìpù tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò dúró. Ó gbá a ní ìdí. Búùtù wó, iná ẹ̀yìn méjèèjì fọ́, èrò kan sì fi orí gbá àga iwájú. Ẹni tí ó wa jíìpù sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀: "Bàbá, ẹ má bínú, bíréèkì ni kò mú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á pe ọlọ́pàá. Ẹ gba ₦20,000 yìí ná, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù mi. Ohunkóhun tí mẹkáníìkì bá wí, n ó san án." Àwọn tí ń kọjá lọ ti pé lé wọn lórí, wọ́n ń bá a bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Kò sá ṣáà sí òkú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Awakọ̀ takisí gba owó, ó sì lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe fi hàn án pé kì í ṣe búùtù nìkan ni ó bàjẹ́. Irin tí ó gbé ọkọ̀ náà dúró ti tẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì gbà tó ₦400,000. Ó tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fún un, kò lọ. Ó tún un tẹ̀ ní alẹ́, kò lọ. Ọkọ̀ tí ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ wá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ni í kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ni àṣìṣe rẹ̀? Kì í ṣe pé ó ṣàánú. Àánú kò burú. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rí bá jíìpù náà lọ. Kò kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà sílẹ̀, kò béèrè ìwé adójútòfò, kò gba orúkọ ẹlẹ́rìí, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó jàre ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ó ti jàre lójú títì, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi hàn pé òun jàre. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ pàápàá kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ó bá ní ìwé tòótọ́, ó ti sanwó fún ilé-iṣẹ́ kan pé kí ó bá òun gbé irú ẹrù yìí gan-an. Ẹ̀bẹ̀ wo ni ó tún kù?

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí a kọlù ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àsìkò. Ẹ̀mí ni àkọ́kọ́: kí á gbé ẹni tí ó farapa lọ sí ilé ìwòsàn, kí á sì pa ìwé ìtọ́jú àti ti oògùn mọ́, nítorí ìfarapa pẹ̀lú wà nínú ohun tí a ó san owó lé lórí. Lẹ́yìn èyí, kí a tó sún ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí á fi fóònù ya àwòrán bí ọkọ̀ méjèèjì ti dúró, nọ́ńbà ara wọn, ibi tí ó fọ́, àti ojú títì náà. Kí á kọ orúkọ awakọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ sílẹ̀, nítorí wọn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹnì kan náà. Kí á kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ta ìwé adójútòfò, nọ́ńbà ìwé náà, àti ọjọ́ tí yóò parí. Kí á gba orúkọ ẹni méjì tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó jẹ́ ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀ kankan bí a bá lè rí i.

Ìwé ayédèrú wà lójà, gbogbo ayé ni ó mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà ti ṣètò àkọsílẹ̀ kan tí a ń pè ní NIID, níbi tí a ti lè fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ yẹ ìwé wò bóyá òótọ́ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sàn kí á mọ̀ lójú títì pé ayédèrú ni ìwé kan ju kí á mọ̀ ọ́n lẹ́yìn oṣù kan. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú, ọ̀ràn náà ti di ti ọlọ́pàá, ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ni a ó sì dojú ẹ̀tọ́ wa kọ.

Nígbà náà ni kí á pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí ọlọ́pàá, kí wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Kí ẹni tí a kọlù má ṣe sọ pé "èmi náà jẹ̀bi díẹ̀" nítorí àtipẹ̀tù síjà, kí ó má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tí ó sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Inú rere tí a ṣe pẹ̀lú ẹnu lójú títì lè padà wá di ẹ̀rí tí a ó fi dá ẹni náà lẹ́bi.

Nígbà tí a bá kúrò lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ìwé kù. Kí ẹni tí a kọlù lọ gba ìwé ìròyìn ọlọ́pàá. Kí ó sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò tirẹ̀ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ̀bi, nítorí àdéhùn tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ń béèrè bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀nà pín sí méjì. Bí ìwé tirẹ̀ bá jẹ́ ti ẹnì-kẹta nìkan, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ilé-iṣẹ́ ẹni tí ó kọlù ú ni yóò kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ìwé ńlá, èyí tí ó bo ọkọ̀ tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, ó lè gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ náà sì lépa ti ẹlẹ́ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí máa ń yá jù, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá iye kan wà tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbé, àti bóyá ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò gba owó lọ́dún yóò bọ́.

Kí lẹ́tà náà ṣe ṣókí: ọjọ́, wákàtí, ibi, nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, nọ́ńbà ìwé adójútòfò, àti bí ó ti ṣẹlẹ̀. Kí a fi àwòrán, ìwé ọlọ́pàá, orúkọ ẹlẹ́rìí àti iye tí oníṣẹ́ ọwọ́ kọ sínú rẹ̀. Kí ẹni náà tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ó sì gba ìfọwọ́sí pé wọ́n ti gba lẹ́tà. Lóòótọ́ ebi ń pa awakọ̀, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ padà sójú ọ̀nà. Síbẹ̀, kí ó má ṣe tún un ṣe kí ilé-iṣẹ́ tó rán ẹni tí yóò wò ó wá. Ohun tí a ti tún ṣe, ta ni yóò mọ bí ó ti bàjẹ́ tó?

Àwọn kan máa ń bínú pé ilé-iṣẹ́ ń béèrè ìbéèrè jù. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Oníbàárà tiwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ bi, bí òun náà bá sì sọ pé takisí ni ó sáré já sí iwájú òun, àwòrán àti ẹlẹ́rìí nìkan ni yóò yanjú rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà láti san, wọn yóò mú ìwé kan wá fún ìfọwọ́sí. Kí á kà á dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá sọ pé owó náà ni àṣekágbá, ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i kò tún lè padà wá béèrè nǹkan mìíràn, bí ọrùn èrò náà bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún lẹ́yìn oṣù kan. Bí ìbàjẹ́ bá sì ju iye tí ìwé bo lọ, ẹni tí ó ṣẹ̀ ni yóò fi owó tirẹ̀ san ìyókù. Ilé-ẹjọ́ wà fún un. Bí wọ́n bá ń fònídónìí-fọ̀ladọ́la, òfin 2003 fún ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 90 láti san owó tàbí láti fi ìwé sọ ìdí tí kò fi ní san án, ìjáfara yìí sì wà lára ohun tí òfin 2025 dojú kọ. Ẹnikẹ́ni lè fi ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń jáfara sùn ní NAICOM.

Ẹ̀tọ́ yìí kò dúró ní ẹnubodè. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Kùtọnu lórí káàdì adójútòfò tí a mọ̀ sí Káàdì Búráùn. Ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ń gbé káàdì náà dání. Bí ọkọ̀ láti Tógò bá kọlù ẹnì kan ní Nàìjíríà, ẹni náà kò ní láti wá ilé-iṣẹ́ kan lọ sí Lomé; ọ́fíìsì Káàdì Búráùn ti Nàìjíríà ni yóò bá a bójú tó o, tí yóò sì gba owó padà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tógò. Bákan náà ni fún ará Gánà tí ọkọ̀ Nàìjíríà bá kọlù ní Àkrà.

Ọlọ́pàá lè fi ipá mú ènìyàn ra ìwé, ṣùgbọ́n kò lè fi ipá mú un gbà á gbọ́. Ìgbàgbọ́ yóò wá nígbà tí awakọ̀ takisí Gwagwalada bá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ sì san án ní àsìkò, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì padà sójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni láti sanwó láìfi falẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni láti rí i pé ìwé ayédèrú kò rí ọjà tà. Iṣẹ́ ẹni tí a kọlù ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ ojú títì gba ẹ̀rí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó dárí jì ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ bí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́; ṣùgbọ́n kí ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀ ná.