Iṣẹ́ Àńdátékà Nígbà Tí Ikú Bá Wọlé
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa)

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ikú ni mo gbé wá síbi ayẹyẹ. A ò ní kú ikú àìtọ́jọ́, àmọ́ ikú kì í dúró kí á pàtẹ tán kó tó dé.

Láyé àtijọ́, àwọn ọkọ ọmọ ló ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú, àwọn àgbà ilé á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Lónìí, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, ọ̀kan wà l'Ékòó, òmíràn wà ní London. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sanwó fún àńdátékà. Òun ló ń fi ọkọ̀ gbé òkú kúrò nílé tàbí ní ọsibítù lọ sí mọ́ṣúárì. Òun ló ń ta pósí, tó ń wọ òkú láṣọ, tó ń tẹ́ ẹ ní ẹ̀yẹ, tó sì ń kó àwọn tí yóò gbé pósí wá. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé e jó, wọ́n á jó. Owó yín ni wọ́n ń jó lé.

Ti àwa Mùsùlùmí yàtọ̀ díẹ̀. A kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ló ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi aṣọ funfun dì í, tí wọ́n ń kírun sí i lára. Ọkọ̀ nìkan ni a sábà máa ń nílò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àńdátékà ló ń sọ pé èèyàn ti kú, dókítà ni. Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ìwé tó bá kọ lẹ máa mú lọ sí ọ́fíìsì àjọ ètò ìkànìyàn, tí a ń pè ní NPC, láti gba ìwé ẹ̀rí ikú. Òfin 1992 ló ní kí á máa forúkọ ikú sílẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, báńkì ò ní dá yín lóhùn. Àwa náà máa béèrè rẹ̀ kí á tó san owó àjẹṣẹ́kù fún ẹni tí olóògbé kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ojú tó ń sunkún kì í ríran dáadáa. Mọ́ṣúárì ń ka ọjọ́, ó sì ń ka owó. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá àńdátékà sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó kọ iye ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọkọ̀, pósí, àwọn tó ń gbé e. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Àwa tí à ń ná ata, tí à ń ná gàrí, kí ló dé tí a kì í ná pósí? Ẹ̀rù pé aráyé á ní a ò ṣe ẹ̀yẹ ni. Àwọn àgbà sì ti ní òkú ò mọ iye à ń ra aṣọ.

Owó tí opó máa fi padà sí ìsọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ kò gbọ́dọ̀ di owó pósí. Kí ẹ tó lọ lónìí, ẹ yà lọ́dọ̀ mi, kí ẹ yẹ fọ́ọ̀mù yín wò, kí ẹ rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ ni ẹ ṣì fẹ́.