Ewé Eéran àti Ọ̀rá



Ewé eéran ni àwọn ìyá wa ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Bí a bá jẹun tán, ewé náà a jẹrà, a sì di ilẹ̀. Ọ̀rá kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Ojú gọ́tà ni ó ń dí. Ìbàdàn mọ ohun tí èyí lè dà: ní ọjọ́ 31 oṣù August, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, ìdọ̀tí tí a dà sínú odò wà lára ohun tí ó fà á.

Ní oṣù January, ọdún 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka abọ́ funfun fífúyẹ́ tí a fi ń di oúnjẹ léèwọ̀. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n olóúnjẹ yóò béèrè pé, “Kí ni kí n wá fi dì í?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Abẹ́ ìbòji igi ńlá ni ewé eéran ń gbé. Bí a bá gé igbó tán, ewé tán, iṣẹ́ ẹni tí ń já a tán pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ilé-ẹ̀kọ́ gbìn ín sí abẹ́ igi, kí a sì san owó tí ó tọ́ fún aláwé. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rá kò wọ́n: tálákà tí ó kọ́ ilé sí etí odò ni ń san ìyókù owó rẹ̀.